Kámẹ́rà Àkọ́kọ́ Yẹ Kó Kọ́ni Níṣẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ní Ẹ̀rìn-Ilé tàbí Ọ̀fà lónìí, kámẹ́rà tí yóò rà ló máa ń kọ́kọ́ bi àwa tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Èrò tèmi ni pé kí ó ra tòkúnbọ̀ tó ṣe é fi ọwọ́ ẹni ṣètò ìmọ́lẹ̀, kí ó sì fi lẹ́ńsì kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. Ìtàn iṣẹ́ wa ni mo fẹ̀yìn tì. J.D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n ṣe àfihàn àwọn fọ́tò irun dídì rẹ̀ ní Venice ní 2013, Brownie D ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Kámẹ́rà pọ́ọ́kú ni, kò sì ní fíláàṣì. Ẹni tí kò ní fíláàṣì, dandan ni kó mọ ìwà oòrùn àárọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀sán, kó sì mọ ibi tí ojú fèrèsé ti ń tan ìmọ́lẹ̀ sójú èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń lo kámẹ́rà olójú méjì, irú Yashica àti Rolleiflex tí wọ́n ń gbé sáyà tí wọ́n sì ń tẹríba wò. Àwòrán 12 péré ló wà nínú fíìmù 120 kan. Owó ni gbogbo àṣìṣe, nítorí náà fọ́tógíráfà yóò ti to oníbàárà jókòó, yóò ti tún etí aṣọ rẹ̀ ṣe, kó tó tẹ kámẹ́rà. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí wa, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, rí iṣẹ́ ìyanu kan tó kọ nípa rẹ̀ nínú African Arts ní 1978: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, fọ́tógíráfà á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan bí ẹni pé àwọn méjèèjì ló jókòó. Bó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, ọmọ kan náà ni wọn yóò wọ aṣọ ọkùnrin àti ti obìnrin fún. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọgbọ́n orí àti ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló ṣe é.

Àwọn kan á ní fóònù ti tó. Fóònù wúlò fún kíkọ́ bí a ṣe ń to àwòrán, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ohun tó pọ̀ jù lórí ìmọ́lẹ̀, ẹni tí kì í pinnu kì í sì í mọ ìdí tí fọ́tò fi bàjẹ́. Àwọn mìíràn á ní kámẹ́rà àtijọ́ kò lè ya fọ́tò tó mọ́ kedere. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: fọ́tò ìnṣì 8 sí 10, bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní 300 píksẹ́lì sí ìnṣì kan, mílíọ̀nù 7.2 ló fẹ́. Nikon D90 tó jáde ní 2008 ní mílíọ̀nù 12.3. Lẹ́ńsì 50mm f/1.8 sì ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 10 ti lẹ́ńsì tí kò lè ṣí kọjá f/5.6, àǹfààní ńlá sì nìyẹn nínú gbọ̀ngàn ìnáwó tí iná kò ti tó.

Àtakò tó lágbára jù ni pé tòkúnbọ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí olùkọ́ṣẹ́ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání lọ sọ́jà, kí wọ́n wo iye ìgbà tí kámẹ́rà ti yàwòrán, kí wọ́n gbé lẹ́ńsì sójú ìmọ́lẹ̀ bóyá ó ti hu èbu, kí wọ́n sì dán bátìrì wò. Kí ó wá fi owó tó bá ṣẹ́ kù tẹ fọ́tò sórí bébà, nítorí orí bébà ni àléébù ti ń hàn jù. Bí owó iṣẹ́ bá ti ń wọlé, kí ó ra èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà náà, yóò ti mọ ohun tó ń rà àti ìdí tó fi ń rà á.