Ọkọ̀ afẹ́ dùn ún wọ̀ ní Southampton, àmọ́ ta ni yóò san owó dókítà lórí òkun?

Ẹni tó bá dé Southampton láàárọ̀ Sátidé nígbà ooru, kó tó rí omi ni yóò ti rí ọkọ̀. Ibùdó márùn-ún ni àwọn ọkọ̀ afẹ́ ní níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ ọ̀hún sì ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, wọ́n funfun báláú. Iona, ọkọ̀ P&O tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́dún 2021, gùn ní mítà 344, ó sì ń gbé èrò tó lé ní 5,000. Titanic tí ariwo rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀ títí dòní, tó gbéra ní ìlú yìí kan náà lọ́jọ́ 10, oṣù kẹrin, ọdún 1912, mítà 269 péré ni.

Láàárín àwọn tó ń wọ́ báàgì lọ síbẹ̀, èdè Yorùbá kì í wọ́n. Nọ́ọ̀sì tó ti Peckham wá wà níbẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣọjọ́ìbí ọgọ́ta ọdún wà níbẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti rán aṣọ ẹbí dání, àfi bí ẹni pé Èkó ni wọ́n ń lọ jó sí. Ọkọ̀ òkun kò kúkú ṣàjèjì sí ìran wọn. Láti ọdún 1951 ni ọkọ̀ Aureol ti ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ kàwé láti Èkó sí Liverpool. Lọ́dún 1972 ni wọ́n gbé e wá sí Southampton yìí, kó tó di pé ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́dún 1974. Àmọ́ ìwé làwọn tìgbà yẹn ń wá lọ, fàájì ni tàwọn tìsinsìnyí.

Fàájì yìí ló ní àlàyé nínú. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ kì í fẹ́ kí èrò wọlé láìní ìwé ìnṣọ́ránsì, ìyẹn adójútòfò. Àwọn kan là á mọ́lẹ̀ pé owó ìtọ́jú àìsàn inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn. Ẹlòmíì á yọ káàdì GHIC tí ìjọba fún un lọ́fẹ̀ẹ́, á ní òun ti parí ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọsibítù ìjọba lórí ilẹ̀ Yúróòpù ni káàdì yẹn wà fún, dókítà inú ọkọ̀ kì í sì í ṣe ti NHS, owó ló ń gbà. Bí àìsàn bá wá kọjá agbára ẹ̀, tí wọ́n ní láti gbé aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ ní Sípéènì, gbígbé e padà sílé nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ní dókítà nínú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni.

Ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò lásán kì í sábà tó. Èyí tó dárúkọ ọkọ̀ afẹ́ ni kéèyàn béèrè, tó ń san nǹkan bí wọ́n bá ti aláìsàn mọ́ yàrá, tàbí tí ọkọ̀ kò bá lè yà sí ìlú tí wọ́n ṣèlérí. Àwọn tó wà nínú Diamond Princess ní Yokohama lóṣù kejì, ọdún 2020, mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí wọ́n tini mọ́ yàrá. Èèyàn tó lé ní 3,700 ló há síbẹ̀, kòrónà sì mú ju 700 lọ nínú wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá sanwó ọkọ̀ náà ló yẹ kí wọ́n rà á, torí àìsàn lè dé kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé.

Ibi tó le jù rèé. Wọ́n á béèrè àìsàn tó wà lára ẹni. Yorùbá kì í sọ tara ẹ̀ síta. Ìyàwó gan-an lè má mọ̀ pé ọkọ òun ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ni bàbá á bá kọ "rárá" síwájú ìtọ̀ ṣúgà, á kọ "rárá" síwájú ẹ̀jẹ̀ ríru, kí owó má bàa ga. Kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn lọ́jọ́ yẹn, ṣebí owó ni wọ́n ń gbà. Ọjọ́ tí wàhálà bá dé ni wọ́n á ní kí dókítà àdúgbò ẹ̀ fi fáìlì ránṣẹ́, gbogbo oògùn tó ti gbà látẹ̀yìn á sì wà níbẹ̀ gbangba. Bí wọ́n bá rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ ni, wọ́n lè má san kọ́bọ̀. Ẹni tí iléeṣẹ́ kan bá pe owó gọbọi fún torí fòníkú-fọ̀ladìde tàbí àìsàn ọkàn, MoneyHelper tí ìjọba ń gbọ́ bùkátà ẹ̀ ní orúkọ àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba irú wọn.

Ti páálí náà tún wà ńlẹ̀. Ẹni tó ṣì ń lo páálí aláwọ̀ ewé Nàìjíríà nílò físà Schengen kó tó lè bá ọkọ̀ dé Sípéènì, ìnṣọ́ránsì 30,000 yúrò ni wọ́n sì ń béèrè fún físà náà. Èyí tó tó fún físà kò tó fún ọkọ̀ o! Bí wọ́n bá sì dá a padà ní Southampton torí físà, ìnṣọ́ránsì kì í dá sí i.

Bí rélùwéè bá bàjẹ́ lọ́nà, ìnṣọ́ránsì tó dáa á ran èrò lọ́wọ́ láti lọ bá ọkọ̀ níwájú. Ti ẹni tó sọ̀ ní Vigo, tó ń ná bàtà títí aago fi kọjá, àpò ara ẹ̀ ló máa fi wá wọn lọ. Ọkọ̀ á fọn fèrè, àwọn èrò á tò sídìí irin lókè, fóònù á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa ya fídíò àwọn tó ń sáré bọ̀ létí omi, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà mìíràn wọ́n á bá a. Nígbà mìíràn, okùn á ti tú.