Eré Inú Igbó

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ràn eré sísá púpọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í san owó fún mi nítorí rẹ̀, n kò sì gba ife-ẹ̀yẹ rí, àfi ìgbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni tí mo ṣe ipò kejì nínú eré mítà 1,500.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jí. Bí mo bá ti gbé omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ kaná, n ó wọ bàtà mi, n ó sáré láti Pánsẹ́kẹ́ gba Òkè-Ìlẹ́wọ̀ lọ, n ó sì padà. Àwọn tí ń dín àkàrà lẹ́bàá títì ti mọ̀ mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn a máa pariwo pé, "Tíṣà, kí ló ń lé yín?" Nísinsìnyí, wọn a kàn kí mi pé, "Ẹ kú eré o!" Kí aago méje ààbọ̀ tó lù, mo ti wà ní ọgbà ilé-ìwé. Ọjọ́ tí òjò bá dí mi lọ́wọ́, ara mi kì í yá. Àwọn ọmọ kíláàsì mi pàápàá máa ń mọ̀.

Ní àkókò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ọdún 2019, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé wọn kò jìnnà sí igbó ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Epping. Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ní kí n wá bá àwọn díje nínú igbó náà. Wọ́n ní, "Àmọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni a fi ń sá a o." Mo rẹ́rìn-ín.

Orienteering ni wọ́n ń pe eré yìí. Àwọn ará Sweden fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ní ọdún 1919, ọ̀gá ológun kan tí ń jẹ́ Ernst Killander ṣètò ìdíje rẹ̀ kan nítòsí ìlú Stockholm, láti ibẹ̀ ni ó sì ti gbilẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún olùdíje. Máàpù ni wọn yóò fún un, kọ́ńpáàsì yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi òbìrìkítí àti nọ́ńbà sàmì sí àwọn ibi tí ó gbọ́dọ̀ dé. Ní ibi kọ̀ọ̀kan ni yóò ti bá àsíá kékeré aláwọ̀ ọsàn àti funfun. Bí ó bá fo ọ̀kan, tàbí tí kò tẹ̀lé wọn bí nọ́ńbà wọn ṣe tò, eré rẹ̀ kò kà. Wọn kì í sì gbéra pọ̀, kí ẹnì kan má baà máa tọ ẹlòmíràn lẹ́yìn.

Èmi tí mo gbójú lé ẹsẹ̀ mi, bí mo ti gba máàpù, ó di eré! Àsíá kìíní àti ìkejì kò ṣòro. Nígbà tí mo ń wá ìkẹta, mo rí ibi funfun lórí máàpù, mo rò pé pápá gbalasa ni. Àṣé igbó tí ó ṣeé sáré nínú rẹ̀ ni àwọ̀ funfun! Àwọ̀ ìyeyè ni pápá. Àwọ̀ ewé sì ni igbó dídí. Mo wá pápá títí, n kò rí i. Dípò kí n dúró, ńṣe ni mo ń sáré sí i. Ẹ̀gún ya mí lẹ́sẹ̀. Igi tí ó wà níwájú jọ èyí tí ó wà lẹ́yìn. Nígbà tí mo fi máa dúró, n kò gbọ́ ohùn ènìyàn kankan mọ́. Wọ́n ti ní kí a fọn fèrè ọrùn wa lẹ́ẹ̀mẹ́fà bí ewu bá dé. Mo fi tèmi sẹ́nu. Ojú tì mí, mo tún yọ ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Ibẹ̀ ni màmá kan ti yọ sí mi. Irun orí wọn ti funfun. Wọn yóò tó ẹni àádọ́rin ọdún. Wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Wọ́n gbé kọ́ńpáàsì wọn lé orí máàpù ọwọ́ mi, wọ́n sì yí máàpù náà títí tí òkè rẹ̀ fi kọjú sí àríwá. Àṣé mo ti dorí rẹ̀ kodò láti àsíá kejì! Wọ́n fi ìka tọ́ka sí ibi tí a wà, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọn kò sáré rárá, ìrìn kánmọ́kánmọ́ ni wọ́n ń rìn. Síbẹ̀, wọ́n ti jókòó, wọ́n ń mu tíì, kí n tó dé òpin eré. Kìlómítà márùn-ún tí mo máa ń fi ìdajì wákàtí sá ní Abẹ́òkúta, mo lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlélógójì níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo padà sílé, mo fi ìṣísẹ̀ wọn ọgbà ilé-ìwé wa, mo ya máàpù rẹ̀, mo sì so àkísà pupa mọ́ ibi mẹ́jọ. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ni mo kọ́kọ́ fún. Bí mo ti ní kí wọ́n máa lọ, ọmọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lọ nínú wọn kọjá fìrì bí ìjì. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, mo rí i lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí ó dúró tí ó ń wò yàn-ìn. Ó ti dorí máàpù kodò. Mo fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n n kò pè é. Mo jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò, mo ń wò ó, títí tí ó fi gbójú sókè wo oòrùn àárọ̀, tí ó sì rọra yí ìwé ọwọ́ rẹ̀.