Ta Ni Wọ́n Kà Mọ́ Èrò? Àjọ LAMATA àti Ọ̀nà Òkòkòmáíkò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó dà bí ẹni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò gbé Òkòkòmáíkò rí. Láti Òkòkòmáíkò dé Ìyànà-Ìbà, láti Ìyànà-Ìbà kọjá Ọ̀jọ́ títí dé Mile 2, títì Àgbádárìgì ni tọmọdé tàgbà ń bá wọ Èkó. Òun ni ọlọ́jà ń bá dé ọjà Alábà, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ ń bá dé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, òun ni sójà ń bá jáde ní bárékè Ọ̀jọ́, òun náà sì ni ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti Kútọnu bọ̀ ń bá kọjá. Ọ̀nà tí ó gba inú Ìbà lọ sí Ìgàndó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà ẹni tí ó ń lọ sí Máríínà.

Bí irú títì báyìí bá bàjẹ́, gómìnà ni gbogbo ènìyàn ń bú. Bí ó bá dára, gómìnà náà ni wọ́n ń yìn. Díẹ̀ ni àwọn tí ó mọ̀ pé àjọ kan wà tí òfin gbé kalẹ̀ láti máa ro ọ̀rọ̀ ìrìnnà gbogbo Èkó pọ̀ sójú kan. Lagos Metropolitan Area Transport Authority ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n LAMATA ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Oṣù kìíní ọdún 2002 ni òfin tí ó dá a sílẹ̀ jáde, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà. Ìparí ọdún 2003 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Báǹkì Àgbáyé wà lára àwọn tí ó yá ìjọba lówó tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà dìde. Ní 2007, wọ́n tún òfin náà ṣe kí ọ̀rọ̀ ojú irin àti ti ojú omi lè wà lábẹ́ àjọ yìí kan náà. Kí ó tó dìgbà náà, ẹni tí ó ń la títì kì í sábà bá ẹni tí ó ń fún ọlọ́kọ̀ ní ìwé àṣẹ sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì kò sì bi ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ ní nǹkan kan.

Iṣẹ́ irú àjọ bẹ́ẹ̀ kò ní ariwo nínú. Kíkà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọn a rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sí oríta pẹ̀lú ìwé àti bírò láti ka ọkọ̀ tí ó kọjá láàárín wákàtí kan: dánfó mélòó, kẹ̀kẹ́ Márúwá mélòó, ọkọ̀ akẹ́rù mélòó. Wọn a wọ ilé dé ilé, wọn a bi àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ pé: níbo ni ẹ lọ lánàá? Aago mélòó ni ẹ jáde? Ọkọ̀ mélòó ni ẹ wọ̀ kí ẹ tó débẹ̀? Èló ni ẹ san? Wọn a pín ìlú sí ẹkùn-ẹkùn, wọn a kó ìdáhùn wọ̀nyí sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà a sì sọ iye èrò tí ó ṣeé ṣe kí ó máa ti ẹkùn kan lọ sí òmíràn ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sí i. Nínú iye yìí ni àwòrán ọ̀nà ti ń jáde. Ọ̀nà báyìí ni a fi ń dé orí ètò ọlọ́jọ́ pípẹ́ bí irú èyí tí LAMATA ní lọ́wọ́, tí ó ní ojú irin mélòó kan tí wọ́n fi àwọ̀ sọ lórúkọ, ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT 14, àti ọ̀nà ojú omi tí ó lé ní 20.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ ìṣirò, ẹ tẹ́tí sí èyí. Bí wọ́n bá ka èrò ní Ìyànà-Ìbà ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀, wọn yóò bá ènìyàn níbẹ̀. Ìwé yóò wí pé aago mẹ́rin ààbọ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń rìn, ẹni tí ó bá sì ka ìwé náà lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Irọ́ gbáà! Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ó lé wọn kúrò lórí ibùsùn. Ìyá tí ó ti pa ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà tì nítorí wàhálà ọ̀nà kò sí nínú èrò tí wọ́n kà, nítorí kò sí ní ibùdókọ̀ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ẹsẹ̀ rìn láti inú Ìbà dé ẹnu géètì LASU nítorí pé owó kẹ̀kẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìwé ìbéèrè kò bá ní àyè fún ẹlẹ́sẹ̀, kò rìn lójú wọn. Nọ́ńbà kì í dáhùn ju ohun tí wọ́n bi í lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tí àjọ kan kọ sínú ìwé ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ tí ó bá a ṣe ìṣirò lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ni àwọn ènìyàn ńlá máa ń fẹ́ yà ní fọ́tò.

LAMATA fi hàn nígbà kan pé òun mọ bí a ṣe ń béèrè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ọ̀nà BRT àkọ́kọ́, kìlómítà 22 láti Mile 12 dé CMS, ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW ni wọ́n bá jókòó ṣáájú. Ẹni tí ó bá mọ Èkó mọ̀ pé ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe irú èyí tí a ń tipasẹ̀ rédíò sọ fún pé a ti gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n mú àwọn aṣáájú wọn lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, sí ìlú bíi Bogotá àti Curitiba, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí bọ́ọ̀sì tí ó ń sáré lórí ọ̀nà tirẹ̀ láìsí ẹni tí ó ń dí i lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀, báǹkì sì yá wọn lówó ra bọ́ọ̀sì 100. Láàárín oṣù 15 ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n kọ́ ọ, tí wọ́n sì ṣí i. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2008, bọ́ọ̀sì gbéra. Ọ̀mọ̀wé Dayo Mobereola ni ọ̀gá àgbà àjọ náà nígbà yẹn. Bí ó bá ṣe pé wọ́n kọ́kọ́ gbé kátakàta lọ sójú títì kí wọ́n tó pe awakọ̀ sí ìpàdé, ìtàn mìíràn ni ọmọ Èkó ì bá máa sọ.

Ọ̀rọ̀ ojú irin pẹ́ jù báyìí lọ. Ní 1983, iṣẹ́ ńlá méjì wà nílẹ̀ lábẹ́ Gómìnà Lateef Jákàńdè: ọ̀kan ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, èkejì ni ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n pè ní Metroline. Yunifásítì náà dúró sí Ọ̀jọ́ títí dòní. Metroline kò dúró síbì kan. Ìjọba ológun Muhammadu Buhari fagi lé e ní 1985, owó gọbọi tí ó ti bọ́ sínú rẹ̀ sì gbé. Jákàńdè kú ní oṣù kejì ọdún 2021. Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 2023, Buhari yìí kan náà, tí ó ti wá di ààrẹ alágbádá, ni ó wá ṣí ìpele àkọ́kọ́ ojú irin aláwọ̀ búlúù ní Èkó. Àwọn àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í ṣe ti ayọ̀ nìkan.

Ìtàn yìí ni ó sọ ìdí tí òfin fi dára ju ìfẹ́ inú gómìnà kan lọ. Ètò tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn kan ń bá ẹni náà kúrò lórí oyè ni. Ojú irin búlúù bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Babátúndé Fáṣọlá, ó la àkókò Akínwùnmí Àḿbọ̀dé kọjá, ó sì di ohun tí a ń wọ̀ lábẹ́ Babájídé Sanwó-Olú. Ó falẹ̀, ó tún falẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan kò fagi lé e, nítorí pé àjọ kan wà tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìjọba kan dé èkejì.

Lórí ìwé náà, Òkòkòmáíkò ni orí ọ̀nà. Kìlómítà 27, Òkòkòmáíkò sí Máríínà: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́, Òkòkòmáíkò ṣíwájú. Ní 2009, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í mú títì Àgbádárìgì gbòòrò, ojú ọ̀nà mẹ́wàá fún ọkọ̀ pẹ̀lú ojú irin láàárín wọn. Ilé iṣẹ́ CCECC ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà ni ó gba iṣẹ́ ojú irin ṣe. Wọ́n wó ìsọ̀, wọ́n wó ilé tí ó wà lójú ibi tí títì yóò gbà. Eruku sọ lálá, òjò rọ̀, eruku di ẹrẹ̀, ọmọ tí ó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi nígbà náà dàgbà tó ẹni tí ń wọ yunifásítì. Nígbà tí ojú irin wá dé nígbẹ̀yìn, apá Máríínà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ jẹ́ kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún, Mile 2 ni ó sì parí sí. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Káàdì ni wọ́n ń fi sanwó. Cowry ni wọ́n sọ ọ́, bí ẹni pé owó ẹyọ tí àwọn baba wa ná ní Àgbádárìgì tún padà wá.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó kò bá tó fún odidi ọ̀nà, ìlànà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni pé kí apá tí ẹ bá ṣí lè dá ṣiṣẹ́. Ojú irin láti Òkòkòmáíkò dé Mile 2 nìkan yóò kàn já èrò sí ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ti Máríínà ń gbé e dé ibi iṣẹ́. Èsì yìí tọ̀nà, ó sì tún korò lẹ́nu ẹni tí ó ń ti Máríínà bọ̀ lálẹ́ ọdún 2023 yẹn. Ọkọ̀ ojú irin tí ó tutù nínú gbé e dé Mile 2 ní ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀, kọ̀ńdọ́kítọ̀ dánfó ni ó pàdé: "Ìyànà-Ìbà, Òkòkò! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!" Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìpele kìíní náà ni wọ́n fi ìpele kejì, Mile 2 sí Òkòkòmáíkò, lọ́lẹ̀.

Ọ̀nà ibẹ̀ sì tún ní ju baba kan lọ. Títì ńlá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó gbé iṣẹ́ mímú un gbòòrò dé Òkòkòmáíkò. Àwọn ọ̀nà kéékèèké tí èrò yóò gbà jáde sí ibùdókọ̀ jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ti ìdàgbàsókè Ìbà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003. Ní 2014, orílẹ̀-èdè márùn-ún fọwọ́ sí àdéhùn ọ̀nà Àbíjáǹ sí Èkó, tí yóò lé ní kìlómítà 1,000, ẹkùn yìí kan náà ni yóò sì gbà wọlé. Àjọ tí ó bá fẹ́ ṣe ètò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀kùn mélòó ni òun yóò kàn.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1962 sọ ọ́ di dandan pé ìlú tí ènìyàn rẹ̀ bá ju 50,000 lọ gbọ́dọ̀ bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ jọ ṣe ètò kí ó tó rí owó ìjọba àpapọ̀ gbà fún títì. Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe èyí ní àyíká Washington bẹ̀rẹ̀ ní 1965. Lóṣooṣù ni wọ́n máa ń jókòó, wọ́n sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ará ìlú láti dìde sọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá sọ ni wọ́n ń ṣe. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọn kì í ṣe. Ṣùgbọ́n ó wà nínú àkọsílẹ̀ pé ẹni báyìí dìde, báyìí ni ó sì wí. Ní Èkó, ìpàdé pẹ̀lú àwọn tí ọ̀ràn kàn wà, owó Báǹkì Àgbáyé kì í sì í jáde láìsí i. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba ọba, alága kánsù àti ìyálọ́jà sí ìjókòó iwájú, bí ó ti yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gba Ìyànà-Ìbà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kì í sábà rí ìwé ìpè.

Olùkọ́ ìṣirò kan ní Ọ̀jọ́ tàbí ní Ìbà kò nílò ìwé ìpè láti bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan, bírò kan, àti wákàtí kan lẹ́bàá oríta pẹ̀lú ogún akẹ́kọ̀ọ́ tó láti ka ohun tí kò sí nínú ìwé àjọ: ẹlẹ́sẹ̀ mélòó ni ó sọdá títì, mélòó ni ó ru ẹrù, mélòó ni ó dúró ju ìṣẹ́jú ọgbọ̀n lọ kí ó tó rí ọkọ̀ wọ̀. Ó tún ní ìdí kan pàtó láti yára. Nínú ètò LAMATA, ojú irin mìíràn wà tí wọ́n fi àwọ̀ pọ́pù pè, tí yóò ti ìhà Redemption Camp ní ọ̀nà Ìbàdàn wá parí sí agbègbè Ọ̀jọ́, níbi tí yóò ti bá ti búlúù pàdé. Ẹnìkan yóò jókòó sí yàrá kan láti pinnu ibi tí ibùdó méjèèjì yóò wà, iye ìṣísẹ̀ tí èrò yóò fi rìn láti inú ọ̀kan dé èkejì, bóyá òrùlé yóò wà lórí rẹ̀ ní ọjọ́ òjò, àti bóyá ìyá tí ó ru ẹrù ọjà Alábà lórí yóò gun àkàsọ̀ kí ó tó débẹ̀.