Ká A Ni, Kì Í Ṣe Kà Á

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rírán la fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí.

Nínú ilé wa ní Felele, ohun tó máa ń dá ariwo sílẹ̀ ni pé bí a bá rán ọmọ ní iṣẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan ni yóò jẹ́. "Gbé omi kaná, ṣa ẹ̀wà, bí omi bá hó kí o dà á sí i." Kí a tó ti ọ́fíìsì dé, omi ti gbẹ, ẹ̀wà ṣì wà nínú ọ̀rá. A ti pariwo, a ti fa pàṣán yọ. Àwa tí a ń fi fáìlì ránṣẹ́ láti tábìlì dé tábìlì rò pé olórí kunkun ni àbígbẹ̀yìn wa.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, a bẹ ìyá kan, ọmọ Abẹ́òkúta, pé kí ó kọ́ àwọn ọmọ mẹ́jọ ní àdìrẹ ní àgbàlá wa. Orúkọ iṣẹ́ náà ti sọ ìlànà rẹ̀: a ó dì í, a ó sì rẹ ẹ́. Ìyá fúnra rẹ̀ ló po aró, nítorí kọ́sítíìkì sódà máa ń bó ni lára.

Lọ́jọ́ kìíní, àwa la dìde láti ka ìlànà fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Yorùbá díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀: ẹ fọ sítáàṣì kúrò lára aṣọ, ẹ ká a, ẹ fi ìko dì í, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ tó tì í bọ aró. Gbogbo wọn ní, "Yẹs sà." Ẹni kan kò fọ aṣọ, aró kò mú un dáadáa. Ẹni kan dì í dẹngẹrẹ, aró gba abẹ́ ìko wọlé. Àbígbẹ̀yìn wa jókòó, ó ń wo aṣọ. Ìyá ní, "Ká a." Ó fèsì pé, "Ẹyọ kan ni, mà."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé inú wa. Ọmọ náà ń ka aṣọ, a ní kí ó ká aṣọ! Mélòó la ti nà án fún iṣẹ́ tí kò gbọ́ yé? Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ iṣẹ́ tí kò yé e?

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá sọ ẹyọ kan, ó ṣe é, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ padà ní Yorùbá, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí aṣọ ti inú aró jáde, àwọ̀ ewé ló ní. Ọmọ wa ké pé ó ti bàjẹ́. Ìyá ní, "Dúró, jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ." Lójú wa, ó di búlúù.

Ìyá ní láyé àtijọ́, wọ́n á gún ewé èlú, wọ́n á sá a, wọ́n á sẹ́ omi eérú sí i, ọjọ́ mélòó kan ni yóò sì fi wà nínú ìkòkò. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ jìnnà sí wa: Nike Davies-Okundaye, tí a bí lọ́dún 1951 ní Ògìdì-Ìjùmú, ní Kogí wa níhìn-ín, inú ilé ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ àgbà, kí ó tó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1983.

Láti ìgbà náà, bí a bá rán ọmọ níṣẹ́, Yorùbá la fi ń rán an, a ó ní kí ó sọ ọ́ padà. Ó ṣì ń gbàgbé nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá ìyá wa àgbà fi fóònù rán an ní iṣẹ́ mẹ́ta sí wa, ó jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Aṣọ ọjọ́ kìíní tó bàjẹ́ ni a fi ń gbé ìkòkò kaná báyìí.

Kí Olódùmarè fún wa ní sùúrù láti kọ́ ọmọ wa. Àmín o.