Ohùn Màmá Àgbà Nínú Dìkódà

Ètò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yọ nínú dìkódà wa kí ó tó kú pátápátá: èyí tí màmá àgbà ti sun rárà lórí tẹlifíṣàn kí wọ́n tó papò dà. Bí ẹ bá tú háàdì díìsìkì rẹ̀, tí ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, asán ni. Dìkódà ti ti fáìlì náà pa, òun nìkan ló lè ṣí i. Okùn HDMI ńkọ́? Ààbò HDCP a máa sọ àwòrán di òkùnkùn. Okùn àtijọ́ nnì, pupa, funfun àti yẹ́lò, ló gbà mí. Mo fi ẹ̀rọ agbàwòrán kékeré so ó mọ́ ojú USB, mo sì ṣí OBS Studio. Àwòrán náà kò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ni èmi ń lé.

Iṣẹ́ náà kò gba ìkánjú: ètò ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 30 gan-an ni. Màámi jókòó tì mí. Bí wọ́n ti gbọ́ oríkì ara wọn lẹ́nu ìyá wọn, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú tẹlifíṣàn, wọ́n ń dáhùn. Ohun tó gba inú okùn kọjá nìkan ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́. Ìdáhùn màámi kò sí nínú fáìlì náà.