Ṣéènì ni àbí bẹ́líìtì?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láti Àjàṣẹ́ ni mo ti ń gun alùpùpù wá sí Calavi. Èyí tí bàbá mi fún mi jẹ́ oní-jíà: ọwọ́ òsì ń fún embrayage, ẹsẹ̀ òsì ń pààrọ̀ jíà, ṣéènì ló ń yí táyà ẹ̀yìn. (Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ẹ̀wọ̀n nílé wa; ti ẹlẹ́wọ̀n nìyẹn.) Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Godomey, ọwọ́ a máa ro mí gan-an. Mo tà á, mo ra èyí tí kò ní jíà. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan.

Ó rọrùn lóòótọ́. Ẹ ṣáà yí ọwọ́ ọ̀tún, ó ń lọ. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń ṣe iṣẹ́ ṣéènì níbẹ̀, kò sì fẹ́ òróró rárá. Àmọ́ inú àpótí ló wà. Ṣéènì tó bá dẹ̀, mo máa ń rí i, mo máa ń gbọ́ ọ, mo sì ń fi sípánà fà á le. Bẹ́líìtì tèmi já láìsọ tẹ́lẹ̀, láàárọ̀ ìdánwò fonọ́lọ́jì: ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà kò yí. Mẹkáníìkì méjì ni mo bá, kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀. Nígbà tí zémidjan fi gbé mi dé, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ìdánwò àtúnṣe ni mo padà ṣe.

Mi ò ní tà á, nítorí Godomey. Bẹ́líìtì kan wà lábẹ́ ìjókòó mi báyìí. Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá mi, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: ẹni tó ra tàwọn yẹn, ṣé ó ń fi òróró sí ṣéènì rẹ̀?