Kíkọ́ Odídẹrẹ́ ní Ọ̀rọ̀ Sísọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí odídẹrẹ́ abìrù pupa, ẹyẹ tí a fi ń ki ará Ìwó, mọ ọ̀rọ̀ í sọ, kí ó má ṣe rò pé bí òun bá ti dúró ti àgò rẹ̀, tí òun ń ké "ẹ káàárọ̀" léraléra sí i létí, iṣẹ́ ti bùṣe. Nítorí ẹyẹ ẹlẹ́gbẹ́ ni, èyí tí a bá sì dá fi sí ìloro lè fi ẹnu ara rẹ̀ tu ìyẹ́ àyà rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń bá ara wọn sọ ni ó máa ń wọ̀ ọ́ létí jù: a tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ a máa fẹ̀, a máa súnkì.

Irene Pepperberg ti Amẹ́ríkà, tí ó ra odídẹrẹ́ kan tí a ń pè ní Alex ní 1977, mọ èyí dájú. Òun yóò gbé kọ́kọ́rọ́ sókè, yóò bi ẹnì kejì ohun tí í ṣe. Bí onítọ̀hún bá dáhùn bó ti yẹ, kọ́kọ́rọ́ di tirẹ̀, bí ó bá ṣì í, a gbà á kúrò, Alex a sì máa jowú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ í wọgbà: kí Alex tó kú ní 2007, ó ti mọ àwọ̀, ó sì ń ka nǹkan dé 6.